Ọkọ̀ Tó Ń Yínmú sí Baálẹ̀

Ẹ gbọ́ ohun tí Sífáwù ọlọ́kọ̀ fi òfin Baálẹ̀ ṣe lórí ọ̀sà. Baálẹ̀ ní ọkọ̀ tó bá gbé imú sókè níwájú ilé òun, òun ló ń yínmú sí, òun yóò là á fi dáná. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré wà lẹ́yìn, ẹni tó ń wà á wà lẹ́yìn, imú ọkọ̀ wo ni kò ní lọ sókè? Nígbà tí wọ́n mú Sífáwù, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, iwájú ọkọ̀ mi ló fúyẹ́. Ẹni ńlá ló lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ta ló sì tóbi tó yín?" Inú Baálẹ̀ dùn, ó wọ ọkọ̀, ó fìdí kalẹ̀ síwájú, ọkọ̀ sì dọ́gba. Wọn ò tíì jìnnà sí èbúté tí Sífáwù fi di ọ̀pá tó so mọ́ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú, tó sún wá sáàárín ọkọ̀. Imú ọkọ̀ rì, omi ya wọlé, ó bo ọrùn ẹsẹ̀ Baálẹ̀. "Padà sẹ́yìn!" "Imú á lọ sókè o, Bàbá. Òfin yín ńkọ́?" "Mo ti fagi lé e!" "Ẹ jẹ́ kí àwọn ará èbúté gbọ́." Baálẹ̀ figbe ta, gbogbo èbúté gbọ́, Sífáwù sì padà sídìí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, èéfín ń rú nílé ìdáná Baálẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ará ìlú tí wọ́n ti mú ṣáájú ti Sífáwù ló ń jó níbẹ̀. Ní gbogbo èbúté, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó lè yínmú sí Baálẹ̀.