Agbọ̀n Àwẹ̀ró láàárín Ọ̀tún àti Òsì

Àwẹ̀ró kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju agbọ̀n híhun lọ. Níwájú ilé rẹ̀ ní Ìdómògùn, àárín ọparun tó ti là wẹ́wẹ́ ló máa ń jókòó sí látàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bíi ti ẹyẹ ẹ̀ga. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró, ẹnu Mọrẹ́nikẹ́ náà sì pa rọ́rọ́.

Onígbáméjì ló wọ ìlú. Ẹni tó jẹun yó láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ojú rẹ̀ á ti jìn, ara rẹ̀ á ti gbẹ bí ewé inú ọyẹ́. Bẹ́ẹ̀ Baálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà ni, ìjòyè méjì sì ń du ipò rẹ̀: Ọ̀tún Láwọyin àti Òsì Gbádégẹṣin. Kàkà kí wọ́n jọ wá nǹkan ṣe sí àrùn, àrùn gan-an ni wọ́n fi ń polówó ara wọn.

Ní òròòwúrọ̀, akéde Ọ̀tún á gun òkúta ọjà: "Ọ̀tún ní kò sí àrùn kankan! Òsì ló ń dẹ́rù bà yín kó lè joyè. Ẹ máa mu omi odò yín. Ẹni tó bá gbọ́, kó sọ fún ilé méje!"

Kò ní tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí akéde Òsì á fi gun apá kejì: "Òsì ní ilé àwọn ará Ọ̀tún ni àrùn ti ń jáde! Ẹ má gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, ẹ má bá wọn tọ ọ̀nà kan náà. Ẹni tó bá gbọ́, kó sọ fún ilé méje!"

Ilé méje á sọ fún méje mìíràn. Kí oòrùn tó ga, ọ̀rọ̀ á ti yí ìlú po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì ti hu ìwo lọ́nà. Àwọn tó wà lẹ́yìn Ọ̀tún fi ewé akòko há ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn ti Òsì so aṣọ funfun mọ́ tiwọn. Ilé tí kò bá ní ọ̀kankan, ọ̀tá àwọn méjèèjì ni. Ilé Àwẹ̀ró kò ní nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà, àfi agbọ̀n.

Ìyá Ṣíjúwadé, agbẹ̀bí arúgbó àdúgbò, ló wá yẹ Mọrẹ́nikẹ́ wò nígbà tí àrùn náà mú un. Ó fi ìka fa awọ ikùn rẹ̀. Awọ náà kò tètè padà.

"Omi odò lo fún un?"

"Òun náà ni, Ìyá. Akéde ní kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Akéde!" Ìyá pòṣé. "Ṣé akéde ló máa bá ọ gbé ọmọ pọ̀n ni? Gbogbo ilé tó ń mu odò ni mo ti bá aláìsàn, akòko o, aṣọ funfun o. Èmi tí mo ṣì ń mu omi òjò inú ìkòkò mi, èébì kan ò gbé mi." Ó po oyin àti iyọ̀ díẹ̀ mọ́ omi òjò tó gbé wá, ó ń kán an sí ọmọ náà lẹ́nu. "Díẹ̀díẹ̀ báyìí ni, a ò gbọdọ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò náà ti fẹ́ gbẹ. Bí a ò bá la ìsun Olójú lónìí, n ò mọ ohun tí a máa fún un lọ́la."

Ìsun Olójú wà lẹ́yìn àpáta. Òkè ti ya lù ú lọ́dún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó tún dé ibẹ̀, nítorí odò ló sún mọ́lé. Erùpẹ̀ àti òkúta tó bò ó kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá kó.

Àwẹ̀ró fi ọmọ sílẹ̀ fún Ìyá, ó gbé agbọ̀n tó tóbi jù nílé, ó sáré lọ sábẹ́ igi odán. Gbogbo ìlú ló pé síbẹ̀, akòko lápá kan, aṣọ funfun lápá kejì. Láti àárọ̀ ni Ọ̀tún àti Òsì ti ń rojọ́ mọ́ ara wọn. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìsun Olójú ni mo bá wá. Bí gbogbo wa bá pawọ́ pọ̀—"

"Ta ló rán ọ?" Ọ̀tún já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Kí ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ?"

"Agbọ̀n ni, Bàbá."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Òsì kò fẹ́ kí ẹ̀rín náà jẹ́ ti Ọ̀tún nìkan. "Ọmọ mi, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Àwọn èèyàn mi ti la ìsun náà láti àná. Ọ̀tún ni kò fẹ́ kí ẹ gbọ́!"

"Òsì! Òsì!" ni apá aṣọ funfun ń pariwo.

Ojú Ọ̀tún yí padà. "Àná kẹ̀? Láti ìjẹta ni tèmi ti là á! Omi ibẹ̀ ni mo mu kí n tó jáde láàárọ̀ yìí, ó tutù bí omi inú àmù."

"Ẹ fún wa mu ńbẹ̀!" ni ìyá kan kígbe láti ẹ̀yìn.

Ọkàn Àwẹ̀ró fò sókè. Ó gbà wọ́n gbọ́. Ìkòkò tó ń gbẹ nílé kò jẹ́ kó lè ṣiyèméjì. "Ẹ ṣeun, bàbá mi! Ẹ ṣeun!" Ó ti mú eré. Òùngbẹ ń gbẹ ìlú, wọ́n tú tẹ̀ lé e. Ọ̀tún kò lè dúró kí Òsì má bàa gba ọpẹ́. Òsì náà kò lè dúró nítorí Ọ̀tún.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn àpáta, koríko ti hù dé orúnkún lórí erùpẹ̀ náà. Ipasẹ̀ alángbá nìkan ló wà níbẹ̀.

Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n sílẹ̀ níwájú àwọn ìjòyè méjèèjì.

"Bàbá mi, láti àárọ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo inú agbọ̀n yìí. Kí ló wà níbẹ̀?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó mú òkúta mímú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀, ó ń kó erùpẹ̀ sínú agbọ̀n. Ọkùnrin kan yọ ewé akòko inú fìlà rẹ̀ sọnù, ó bá a gbẹ́ ẹ. Ìyá tó kígbe lẹ́ẹ̀kan tú aṣọ funfun orí rẹ̀, ó ká a ṣe òṣùká, ó ru agbọ̀n àkọ́kọ́. Àwọn kan sáré lọ gbé agbọ̀n àti ọkọ́ wá. Ọ̀tún la ẹnu, "Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ gbọ́ mi—" ìyá náà sì ti gbé agbọ̀n òfìfo lé e lọ́wọ́. "Tiyín rèé, Bàbá. Ẹ kún un." Ọ̀tún wo Òsì, Òsì wo Ọ̀tún. Wọ́n ká apá agbádá.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí omi tó sun jáde. Igbá àkọ́kọ́ jẹ́ ẹrẹ̀, ìkejì dà bí ẹ̀kọ, ìkẹta mọ́ gaara. Nígbà tí Àwẹ̀ró gbé omi náà wọlé, Ìyá Ṣíjúwadé ti dojú ìkòkò dé, ó ń kán ẹ̀kán omi tó kẹ́yìn sórí ètè ọmọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ohùn tín-ín-rín kan sọ láti orí ẹní pé: "Ìyá mi, ta ló ba agbọ̀n yín jẹ́ báyìí? Ẹ ò nà án ni?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, akéde kan tún gun òkúta ọjà. "Ẹni tó bá gbọ́—" Kò tíì sọ ọ́ tán tí ẹnì kan fi bi í láti ìsàlẹ̀ pé: "Kí ló wà nínú agbọ̀n?" Ọjà rẹ́rìn-ín, akéde sì sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gùn jù lẹ́nu ẹnì kan, àwọn àgbà á mi orí, wọ́n á ní: ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, irọ́ ní í mú wá.