Ọkùnrin Tí Ó Dí Ihò Ara Ògiri

Ọkùnrin kan wà, ará ilẹ̀ wa ni, ọkọ̀ ojú irin ni ó ń wà ní ilẹ̀ Faransé. Òun àti ìyàwó rẹ̀, tí ó ń se oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú owó, wọ́n sì ra ilé àtijọ́ kan sí ìgbèríko, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Àgbẹ̀ tí ó ni ín ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ gbé oko.

Wọn kò rà á láti máa gbé inú rẹ̀. Bí ìsinmi bá dé ní ilẹ̀ náà, àwọn ará ìlú ńlá a máa wá ilé ní abúlé, wọn a háyà á fún ìwọ̀nba ọjọ́, wọn a jẹun lábẹ́ igi, wọn a sùn, wọn a sì padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà fẹ́ kí tirẹ̀ jẹ́.

Ó sì ṣiṣẹ́ sí i. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, orí àkàbà ni wọn yóò ti bá a. Ó tún òrùlé ṣe, ó kun ògiri ní ọ̀dà funfun, ó ṣe balùwẹ̀ tuntun. Ìyàwó rẹ̀ rán aṣọ fèrèsé, ó sì gbin òdòdó sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn àlejò àkọ́kọ́ dé, wọ́n yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, wọ́n kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, pé ilé náà lẹ́wà, àmọ́ òtútù ń fẹ́ wọ pálọ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn kọ ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọkùnrin náà ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn kan wà tí ìyìn púpọ̀ kì í yó, tí ẹ̀gàn díẹ̀ sì ń pa wọ́n lébi.

Ó wá ibi tí òtútù ń gbà wọlé kiri, ó sì rí i. Ihò méjì ni ó wà lára ògiri pálọ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ létí ilẹ̀, ọ̀kan lókè. Irin oníhò wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi bo ojú wọn. Inú pálọ̀ yìí kan náà ni ààrò irin wà, irú èyí tí wọ́n ń kó igi sí nínú kí ilé lè móoru, tí páìpù rẹ̀ ń gbé èéfín gba orí òrùlé jáde. Ọkùnrin náà po sìmẹ́ǹtì.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń bá a gbé omi. Ó dúró, ó ń wo ihò náà.

"Kí ni wọ́n ṣe èyí fún?"

"Ilé àtijọ́ ni. Àwọn ará ìgbà yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé tí òtútù kò fi ní ráyè wọ̀ ọ́."

"Ṣùgbọ́n wọ́n fi irin bò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ògiri kàn lu ni, ta ni yóò rọ irin sí i lójú? Ẹ jẹ́ kí á bi ẹnì kan ná."

Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni o ń kọ́lé yìí ni, àbí èmi?"

Obìnrin náà gbé garawa omi sílẹ̀, ó sì jáde lọ sídìí òdòdó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè ohunkóhun mọ́ nípa ilé náà. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní kí ó di igi mú, yóò dì í mú. Bí ó bá ní kí ó wá wò ó, yóò ní ó dára. Ọkùnrin náà ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Ó dí ihò méjèèjì, ó tẹ́ ojú wọn, ó kùn wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí. Ó yọ àwọn fèrèsé àtijọ́ kúrò, ó fi tuntun sí i, èyí tí atẹ́gùn kò lè gba etí rẹ̀ kọjá. Ilé náà wá dà bí ìkòkò tí a dé pa.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, àwọn àlejò mìíràn dé. Wọ́n kọ ọ́ pé ilé náà móoru, pé oorun àsùnwọra ni àwọn sùn níbẹ̀. Ọkùnrin náà kà á sókè fún ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni obìnrin kan háyà ilé náà, ó sì pe ọkùnrin náà lórí fóònù pé orí ń fọ́ òun, pé èébì ń gbé ọkọ òun. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní wáìnì àdúgbò náà le, kí wọ́n rọra mu ún. Àwọn yẹn kò lo gbogbo ọjọ́ tí wọ́n san owó rẹ̀. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ, wọn kò sì kọ ohunkóhun.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti tún yàrá kan kùn. Wọ́n dáná sínú ààrò. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi dìde, tí ó lọ jókòó sórí òkúta níta nínú òtútù, láìbo orí. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ni ó ń ṣe níbẹ̀.

"Mo ní kí n gba atẹ́gùn sára ni."

Ohun tí ó sọ nìyẹn. Ọkùnrin náà padà sídìí ọ̀dà rẹ̀.

Nígbà Kérésìmesì, ìdílé kan háyà ilé náà. Ọkọ kan àti ìyàwó rẹ̀ ni, pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kékeré àti ìyá ìyàwó. Ọkùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ilé yìí rán òun létí ilé bàbá òun. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà padà sí ìlú.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó jókòó sí ilé rẹ̀, ó ń jẹun ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì pè é láti Òṣogbo. Wọ́n kí ara wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní ohun burúkú ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò àwọn. Tọkọtaya kan, tí ìgbéyàwó wọn kò tíì pẹ́, gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, wọ́n tàn án, wọ́n sì ti gbogbo ilẹ̀kùn pa.

"Nígbà tí a jálẹ̀kùn, ńṣe ni wọ́n dà bí ẹni tó sùn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Wọn ò jà, wọn ò sá. Afẹ́fẹ́ burúkú yẹn kì í rùn, àbúrò mi. Ibi tí iná bá ti ń jó, tí kò sì sí ọ̀nà tí atẹ́gùn lè gbà wọlé, ikú ló wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà kò gbọ́ èyí tí ó kù. Ohun tí ó wà lójú rẹ̀ ni ògiri funfun kan, tí ó tẹ́jú, tí kò ní àpá kankan.

Ó pe àwọn àlejò náà. Fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó tún un pè. Ìyàwó rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná, ó bi í pé kí ni ó dé. Ó sọ fún un. Obìnrin náà ní kí ó pe àwọn panápaná tí ó wà nítòsí abúlé náà.

Ọkùnrin náà di fóònù mú, kò pè wọ́n. Gbọ́ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ń rò ó pé bí panápaná bá já wọ inú ilé náà tí kò sì sí nǹkan kan, ìtìjú yóò bá òun, ìjọba yóò ti ilé náà pa, àwọn àlejò yóò sì kọ ọ́ kí gbogbo ayé kà á. Àyà rẹ̀ ń já fún ẹ̀mí wọn, ó tún ń já fún orúkọ ilé rẹ̀. Ó ní, "Bóyá wọ́n jáde lọ ni. Jẹ́ kí á dúró díẹ̀."

Nígbà náà ni ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́.

"Orí fọ́ mi lọ́jọ́ tí a ń kun yàrá. Bí mo ṣe jáde ni ó lọ. Mo padà wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ilé yẹn ni."

"Èé ṣe tí o kò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ ó bi mí bóyá dókítà ni mí."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó sì pe àwọn panápaná. Lẹ́yìn náà, wọ́n sáré sídìí ọkọ̀. Ọkùnrin tí ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lójoojúmọ́ kò lè ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó wa ọkọ̀ náà. Ọ̀nà jìn. Bí wọ́n bá dé ibi tí fóònù kò ti lè ṣiṣẹ́, ọkùnrin náà a máa dúpẹ́ nínú ara rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè pè é kí ó sọ ohun tí ó ń bẹ̀rù fún un.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n rí i pé gbogbo fèrèsé ilé náà ṣí sílẹ̀. Aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ rán ń fẹ́ jáde síta lójú wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà mọ́. Panápaná kan ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, òun ni ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ó ní nítorí pé atẹ́gùn kò rí ọ̀nà wọlé, páìpù ààrò kò lè fa afẹ́fẹ́ burúkú iná náà jáde mọ́. Tọkọtaya náà ti rìn lọ sí abúlé láti ra búrẹ́dì láìmú fóònù dání, wọ́n fi ìyá àgbà àti ọmọ sídìí iná, nítorí pé orí ń fọ́ ọmọ náà láti àná. Nígbà tí àwọn panápaná jálẹ̀kùn, ìyá àgbà wà lórí àga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọmọ náà wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti gbìyànjú láti ṣí i.

Ọlọ́run dá ọmọ náà sí. Ìyá àgbà náà kò kú. Àmọ́ nígbà tí ó la ojú ní ilé ìwòsàn, ó wo ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó tì í, ó sì rọra bi í, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí a ti ń bi àjèjì, pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?" Títí di òní, kò tíì rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ yìí.

Ọkùnrin náà lọ bá wọn níbẹ̀. Ọmọ ìyá àgbà náà bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pariwo.

"Wọ́n ní ẹnì kan dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé."

"Èmi ni."

"Ṣé kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún ọ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà wí lẹ́yìn náà pé òun ì bá fún wọn ní ilé náà àti gbogbo ohun tí òun ní kí òun lè sọ pé kò sí. Àmọ́ ó dá a lóhùn pé, "Ó wà."

Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Wọ́n ti ilé náà pa, kò sì tún fi í háyà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ohun tí ó ń dẹ́rù bà á lónìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ìyàwó rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí. Ó ní bí wọ́n bá jókòó pọ̀, ọkọ òun a ṣàdédé bojú wò òun, a ní, "Sọ nǹkan. Kí ni o rí?" Òun a ní kò sí nǹkan kan. Ọkùnrin náà a tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní nígbà mìíràn, nǹkan wà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í wá sí òun lẹ́nu mọ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti kọ́ bí a ti ń gbé e mì.

Adégòkè, ọmọ mi, ìwọ ni mo ń bá wí. O wá kí mi, o jókòó síbẹ̀ yẹn, o ní kí n bá ọ yọ̀. O ní ìyàwó rẹ kì í bá ọ jiyàn mọ́ lórí ilẹ̀ tí o fẹ́ tà, kì í bi ọ́ léèrè ibi tí o ń lọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tuntun yẹn, kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa ọmọ yín tí kò jẹun dáadáa mọ́. O ní ilé rẹ ti tòrò. N kò lè bá ọ yọ̀. Ẹ̀rù ilé rẹ yẹn ń bà mí. Obìnrin tí ó ti ń rí nǹkan láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ ara yín kò fọ́jú ní oṣù tí ó kọjá.

Má jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Lọ sílé, kí o sì bi í ní ohun tí ó ti rí tí kò sọ. Bí ó bá ní kò sí nǹkan kan, má gbà á gbọ́, jókòó tì í. Bí ó bá sọ ọ́, yóò dùn ọ́. Jẹ́ kí ó dùn ọ́, má sì dá a lẹ́nu kọ́. N kò mọ̀ bóyá yóò sọ ọ́. O ti pẹ́ díẹ̀.