Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Lọ Tọrọ Àyè ní Ilé Ìtàn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ má sì sún mọ́ ara yín jù, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ ìfura ni. Ìfura loògùn àgbà, ojú sì lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi gan-an tí mo jókòó níwájú yín yìí, n kì í gbé àwo ọbẹ̀ sílẹ̀ kí n lọ bu omi, kí n pa dà wá kí n má ka ẹran inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí fura jù mí lọ, ẹ ó sì gbọ́ ibi tí ó gbé e dé.

Ìlú Ìdó-Àparò ni wọ́n bí Ọdẹ́jìnmí sí. Ọdẹ ni baba tó bí i, ọdẹ ni baba tó bí baba rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà sì mọ bí a ti í dẹ tàkúté fún òkété lẹ́yìn ilé. Ìbọn rẹ̀ kì í tàsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún lórí ewé gbígbẹ. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, ó mọ̀wé kọ, ó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú igbó sílẹ̀. Ìwé mẹ́ta ló ti kọ kún: ti ẹfọ̀n tó sunkún, ti odò tó ń ṣàn lọ sókè, àti ti àgbọ̀nrín tó pè é ní orúkọ.

Nígbà kan, ó gbàgbé ara rẹ̀ nídìí ẹmu, ó sì sọ ìtàn ẹfọ̀n náà fún Ògúnmọ́dẹdé, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pé ogúnjọ́ lẹ́yìn náà, níbi ìpàdé àwọn ọdẹ, Ògúnmọ́dẹdé dìde, ó sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni pé òun ni ẹfọ̀n sunkún níwájú rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n gé itan ẹran fún un. Ojú Ọdẹ́jìnmí ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọkàn tán ẹ̀dá kankan mọ́. Bí ènìyàn bá kí i pé ó kú àárọ̀, yóò kọ́kọ́ ro ohun tó wà nídìí àárọ̀ náà kó tó dáhùn.

Inú ọdún náà ló gbọ́ ìró Ilé Ìtàn. Àárín Igbó Elétí-Ọfẹ ni ilé náà wà, àwọn iwin ló ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìwé kíkọ níbẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lọ́dún. Ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ jáde, kò sí ẹni tó lè gba ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́, nítorí àmì ilé náà yóò wà lára rẹ̀ títí láé. Àyè kan ṣoṣo yìí ni Ọdẹ́jìnmí ń fẹ́, ó fẹ́ ẹ ju oúnjẹ lọ. Ó di ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sì lọ láìsọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Gbogbo igi igbó náà ló létí. Ìrókò létí gbàgàdà, ọ̀pẹ létí wẹ́wẹ́, àní olú tó hù sórí igi wíwó ń na etí tirẹ̀ náà sókè bí a bá ń kọjá. Bí ènìyàn bá wúkọ́ níhìn-ín, igi ọ̀ọ́kán yóò wúkọ́ dáhùn. Ọdẹ́jìnmí fi aṣọ di ẹnu ara rẹ̀, ọjọ́ méje ló sì fi rìn láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí oorun bá gbé e lọ, ẹ̀rù á máa bà á pé òun ń sọ ìtàn lójú oorun.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó dé ẹnu ọ̀nà Ilé Ìtàn. Iwin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń jẹ́ Dúróná. Kò sí ojú ní iwájú orí rẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ojú wà, ìka ló sì fi ń kàwé. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀, iwin náà na ojú márùn-ún sí i.

"Ìwọ ọmọ ènìyàn, kí ni o wá wá?"

"Àyè ni mo wá tọrọ."

"Àwọn tó wá ṣáájú rẹ pọ̀ ju ewé lọ, àwọn tó wọlé kò kún ẹní kan. Èmi a máa bi gbogbo yín ní ìbéèrè kan náà. Kí ló dé tí o fi ń kọ̀wé?"

Ọdẹ́jìnmí rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó mọ ìdí tó fi ń kọ̀wé: ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nínú igbó ti pọ̀ ju ohun tí àyà kan lè gbé lọ. Ṣùgbọ́n ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti í fa ọ̀rọ̀ tu. Ó ní, "Bí ẹ bá gbà mí wọlé, ẹ ó mọ̀."

Dúróná mi orí. Ó ní, "Ẹlòmíràn a purọ́ fún mi níbí, ẹlòmíràn a sunkún, ẹlòmíràn a ní inú ìyá òun lòun ti ń kọ̀wé bọ̀. Ìwọ nìkan ni mo rí tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bá a ṣílẹ̀kùn." Ó wá ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. Ọdẹ́jìnmí tọrọ gááfárà, ó lọ sẹ́yìn igbó bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, ó sì fa ojú ewé tó gbẹ̀yìn ya nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó kì wọ́n sínú fìlà rẹ̀. Àwọn ọdẹ ní ìlànà kan: a kì í fi gbogbo ọ̀nà igbó ẹni han àlejò. Ẹ ò rí i pé ó ní ẹsẹ̀ tó dúró lé. Ó fi ìyókù lé iwin lọ́wọ́, ó bèèrè ọjọ́ tí òun yóò gbọ́ èsì.

Iwin náà ní, "Dúró ná."

Ibi tí wọ́n ti ń dúró kò jìnnà, abẹ́ àràbà kan ni, Abẹ́ Ìdúró ni wọ́n sì ń pè é. Ogójì ènìyàn ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, oníkálukú lórí ẹní tirẹ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan fún wọn ju kí wọ́n máa wo òkè lọ, nítorí bí ilé náà bá kọ ènìyàn, ewé gbígbẹ kan ni yóò já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ohun tí wọn yóò sì kọ sára rẹ̀ kì í yí pa dà: "A ka ìtàn rẹ, ó dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n àyè wa kò gbòòrò. Máa kọ̀wé lọ." Ẹni tó bá gbà á yóò kà á, yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, yóò gbé e sí oòrùn bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́fà bóyá "ó dùn mọ́ wa" yẹn fi hàn pé kí òun tún wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Iwin kan a máa wá sọ́dọ̀ wọn láràárọ̀, Wọ́n-ní lorúkọ rẹ̀. Ẹnu méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ìpàkọ́. Tiwájú á ní, "Wọ́n ní wọ́n ti yan ènìyàn." Tẹ̀yìn á ní, "Wọ́n ní wọn kò tíì ka ẹyọ kan." Àwọn tó ń dúró a máa sá tẹ̀lé e káàkiri bí ẹyẹlé tó rí àgbàdo.

Ẹni tí ẹní rẹ̀ kan ti Ọdẹ́jìnmí ni obìnrin aláró kan tí ń jẹ́ Ọ̀ṣúnyọmí. Ọwọ́ rẹ̀ dú dé ìgúnpá, nítorí láti kékeré ló ti ń rẹ aṣọ. Lọ́jọ́ tí ọdẹ dé, ó kí i pé, "Ẹ kú ìdúró o, bàbá ọdẹ," ó sì bù lára iṣu tó sun fún un. Ọdẹ́jìnmí já díẹ̀ sílẹ̀ fún èèrà. Ìgbà tí èèrà kò kú ló tó jẹ tirẹ̀. Lójoojúmọ́ ni obìnrin yìí ń bu iṣu fún un, lójoojúmọ́ ni èèrà sì ń kọ́kọ́ jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, Ọ̀ṣúnyọmí káwọ́ sórí ẹsẹ̀, ó sọ ìtàn tirẹ̀ fún un láìṣẹ́ ohunkóhun kù. Ìtàn náà wọ Ọdẹ́jìnmí lára, ṣùgbọ́n bó ti ń gbọ́ ọ ló ń bi ara rẹ̀ pé kí ni obìnrin yìí ń wá. Nígbà tó parí tó sì ní kí bàbá ọdẹ náà sọ tirẹ̀, ó ní tòun kò tíì jinná.

Lọ́jọ́ kejì, Wọ́n-ní wá fi ẹnu iwájú sọ fún un pé, "Wọ́n ní bí aláró yẹn bá gbọ́ tìrẹ, yóò rẹ ẹ́ láró, ìwọ alára kò ní mọ̀ ọ́n mọ́." Ẹnu ìpàkọ́ ní, "Wọ́n ní irọ́ ni." Ọdẹ́jìnmí ti yí ẹ̀yìn pa dà kó tó gbọ́ ìkejì. Láti ìgbà náà ló ti ń fi àpò ṣe ìrọ̀rí, tó sì ń dé fìlà wẹ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ewé ń já, ènìyàn ń ká ẹní. Nígbà tó yá, ó ku Ọdẹ́jìnmí, ó ku Ọ̀ṣúnyọmí. Dúróná sì wá pè wọ́n wọ gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn iwin olùkàwé pé jọ sí yí Ìyá Gbọ́tán ká. Ìyá Gbọ́tán ni olórí ilé náà, etí kan ṣoṣo ló ní, etí náà sì tó abẹ̀bẹ̀ ìyàwó ọba. Ọdẹ dọ̀bálẹ̀, aláró kúnlẹ̀.

Ìyá Gbọ́tán ní, "Ẹ̀yin méjì lẹ kù, àyè kan ló wà. Nínú ilé yìí, a kì í gba ìtàn lẹ́nu ẹni tó ni ín. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ fi sùn lórí ẹní tó kan ara wọn: aláró ni yóò sọ ìtàn ọdẹ, ọdẹ ni yóò sọ ti aláró. Ìtàn tó bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì, ẹni tó ni ín la ó gbà."

Ọdẹ́jìnmí ṣí fìlà, ó ní, "Ìyá, ìparí wọn wà lọ́wọ́ mi níhìn-ín."

"Dé fìlà rẹ, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ ni mo bi."

Ọ̀ṣúnyọmí gbójú sílẹ̀. Ó ní bàbá ọdẹ kò sọ ìtàn kankan fún òun, ohun tí òun fojú rí nìkan lòun lè sọ. Ó wá sọ ti ọkùnrin kan tó ń fún èèrà lóúnjẹ kó tó jẹun, tó ń dé fìlà wẹ̀, tó ń jí láràárọ̀ láti wo ojú gbogbo ènìyàn bóyá wọ́n ti jí nǹkan òun lójú oorun. Àwọn iwin rẹ́rìn-ín títí igi òde fi rẹ́rìn-ín dáhùn. Ó wá ní ọkùnrin náà fi ìbọn ṣọ́ ilé kan tí òun alára kò wọ̀ rí. Ẹ̀rín sì dáwọ́ dúró.

Ìyá Gbọ́tán ní, "Ìtàn yìí dùn, ṣùgbọ́n ìwọ lo ni ín. Ọdẹ, ó kàn ọ́."

Ọdẹ́jìnmí dìde. Ó mọ̀ pé tòun ti bọ́. Ṣùgbọ́n Wọ́n-ní ti na ọrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Wọ́n ní bí o bá gé ìparí tirẹ̀ kúrò, kò ní wọlé, àyè náà yóò sì ṣófo dè ọ́ di ọdún tó ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ó sì pinnu pé bẹ́ẹ̀ lòun yóò ṣe.

Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ọ̀ṣúnyọmí, ó ní ìyá arúgbó kan bí ọmọbìnrin mẹ́ta, aláró ni gbogbo wọn. Ìyá náà ní òun fẹ́ fojú òun rí aṣọ tí wọn yóò fi sin òun. Wọ́n rẹ aṣọ náà, wọ́n gbé e wá, ó gbé e sí oòrùn, ó ní kò tíì dú tó. Wọ́n dá a pa dà sínú ìkòkò. Ọdún yípo, wọ́n tún gbé e wá, ó ní kò tíì dú tó. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń rẹ aṣọ kan, ìyá wọn kò sì kú, nítorí aṣọ rẹ̀ kò tíì ṣe tán.

Ibí yìí ló fẹ́ gé e sí. Ó la ẹnu láti ní ìtàn tán, kò sì lè sọ ọ́. Ìtàn náà dùn mọ́ ọn ju àyè lọ. Ojú tì í pé òun jẹ iṣu obìnrin yìí fún oṣù mẹ́ta, òun sì fẹ́ jẹ ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì kò mọ̀ ni pé àbíkẹ́yìn ń bu omi lu aró láràárọ̀, kó má baà dú. Lọ́jọ́ tí ọkàn ọmọ náà kò gbà á mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni o rò pé ó ń gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò fún ọ?"

Omijé bọ́ láti inú etí Ìyá Gbọ́tán, ó sì ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún Ọ̀ṣúnyọmí. Obìnrin náà ń sunkún, ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá ọdẹ." Ewé gbígbẹ kan já bọ́ sí Ọdẹ́jìnmí lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kà á.

Nígbà tó dé ilé, Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí. Ọdẹ́jìnmí jókòó tì í, ó ṣí fìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹfọ̀n. Ó sọ ti ẹfọ̀n, ó sọ ti odò, ó sọ ti àgbọ̀nrín, ó dárúkọ igbó, ó dárúkọ odò, ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan dé òpin. Ìgbà tó parí, Ìbídùnní gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìdòwú, oṣù mẹ́ta lẹ fi dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn iwin. Ọdún mẹ́tàdínlógún lèmi ti wà lẹ́nu ọ̀nà tiyín."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n ò ní kí ẹ má fura. Olè wà, Ògúnmọ́dẹdé sì wà ní gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìwé tó fẹ́ gbé lọ síwájú àjèjì, kó kọ́kọ́ wá ẹnìkan nínú ilé rẹ̀ tó lè sọ ọ́ dé òpin nígbà tí òun kò bá sí níbẹ̀. Bí kò bá rí ẹnìkan, kó má tíì bú àwọn iwin. Mo ti sọ tèmi, kí oníkálukú gba ilé lọ, kó lọ wo ẹni tó ń dúró dè é.