Wolé-wolé Tó Tọrọ Koríko

Ọkùnrin kan wà tó kọ́lé sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, tí adágún odò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ń wọ ilé onílé, tó ń yẹ ẹ̀yìnkùlé àti ìdí àmù wọn wò. Ẹni tí koríko bá hù lójúde rẹ̀, kóòtù ló ń gbé e lọ, kò mọ ojú, kò mọ ìbátan. Á ní, "Koríko kì í hù lójúde alààyè."

Ìyàwó rẹ̀ kú. Ó sin ín síwájú ilé, níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí odò, torí obìnrin náà fẹ́ràn kó máa jókòó síbẹ̀ wo omi. Àwọn ọmọ wá, wọ́n sunkún, wọ́n padà síbi iṣẹ́ wọn. Ó wá ku òun nìkan.

Kí ni bàbá yìí wá ń fi ọjọ́ ṣe? Koríko ló ń tu. Láàárọ̀, bó bá ti mu ẹ̀kọ tán, á gbé ọkọ́, á ha gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn láti òkè délẹ̀. Gbégi tó le tó yẹn, ọwọ́ ló fi ń fà á tu. Tó bá ṣe tán, á mú ìgbálẹ̀, á tún gbá erùpẹ̀ pàápàá. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òkè yẹn kó ní ilé náà ti dahoro. Ilẹ̀ náà ń dán bí àtẹ́lẹwọ́.

Òjò wá dé. Omi ò rí ohun tó máa dá a dúró, ó ń sáré bọ́ sódò, ó ń kó erùpẹ̀ dání. Ojú àgbàrá kékeré là sílẹ̀, bí ibi tí ejò gbà. Nígbà tó fi máa di òjò kẹrin, ewúrẹ́ lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Bàbá fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri sísàlẹ̀. Omi kóra jọ sẹ́yìn ògiri, ó tì í ṣubú sódò. Omi ń jẹ etí ilẹ̀ bọ̀ lókè, ó ń sún mọ́ ibojì ìyàwó rẹ̀. Bàbá fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ló kù. Òjò kan tún rọ̀, ó di mẹ́fà.

Obìnrin apẹja kan máa ń tu ọkọ̀ kọjá nísàlẹ̀ láti lọ wo ìgèrè tó fi ń mú ẹja. Wolé-wolé yìí ti gbé e lọ sí kóòtù rí, nítorí koóko tó yí ilé rẹ̀ ká létí omi. Lọ́jọ́ kan, ó dá àjẹ̀ dúró, ó gbójú sókè, ó pariwo:

"Wolé-wolé! Ẹ ti fárí fún òkè yìí bí opó o! Ta ló kú fún un?"

"Ìmọ́tótó ni," ni bàbá dá a lóhùn. "Kò lè yé ọ."

"Ó yé mi. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀, mò ń rí ohun tẹ́ ò rí. Ìdí òkè yẹn ti ń ṣófo. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ̀yin onílé lẹ wá ń fi ọkọ́ lànà fún un! Ẹ fi koríko sílẹ̀, bàbá. Gbòǹgbò rẹ̀ ló di ilẹ̀ mú."

"Kí wọ́n lè ní mo ti kú, àbí?"

"Àwọn wo? Láti ìgbà tí ìyá ti lọ, ta lẹ rí tó gun òkè yìí?"

Bàbá kẹ̀yìn sí i. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, ó jí, ó tún ha òkè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni òjò kan rọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó dá, bàbá jáde. Kò sídìí láti fi ẹsẹ̀ wọn nǹkan kan mọ́. Lápá ibi tí ẹsẹ̀ òkú wà, sìmẹ́ńtì ibojì ti yọ síta, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, omi pupa ń kán. Bàbá kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dì í mú, bí ẹni pé ọwọ́ arúgbó lè gbé ibojì ró. Ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ó dìde, ó gba abúlé lọ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Ní ilé àkọ́kọ́, ẹnì kan ké pé, "Wolé-wolé ń bọ̀!" Kíá, ìyá ilé ti ń gbálẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti gba ẹ̀yìnkùlé sá. Ní ilé kejì, wọ́n ti ilẹ̀kùn kó tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọdún kẹjọ rèé tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n má sá, ìrànlọ́wọ́ lòun wá wá, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń pàṣẹ nìkan ló ní lọ́nà ọ̀fun.

Ó dé ilé obìnrin apẹja. Etí omi gan-an ló wà, koóko yí i ká, ilẹ̀ rẹ̀ ò sì ya níbì kankan. Obìnrin náà ń yan ẹja.

"Ṣé kóòtù náà ni?" ló bi í.

"Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní koríko." Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ."

"Koríko ni mo wá tọrọ. Ìyàwó mi ń lọ sódò."

Obìnrin náà ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó fi ẹja sílẹ̀, ó fi igbe bọnu: "Ẹ jáde o! Ẹ gbé àdá, ẹ gbé ọkọ́! Kì í ṣe ilé wa ló wá yẹ̀ wò!"

Wọ́n jáde. Wọ́n gé ọparun, wọ́n gbá a mọ́lẹ̀ ní ìbú òkè, wọ́n to òkúta tì í, wọ́n fi òkúta àti erùpẹ̀ dí abẹ́ ibojì. Wọ́n gbin koóko tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ní ìlà-ìlà, kí omi lè máa rìn jẹ́jẹ́ dípò kó máa sáré. Bàbá náà ń gbìn. Ohun tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ fà tu ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn.

Òjò míì rọ̀. Omi lọ, ilẹ̀ dúró. Ìyàwó rẹ̀ ò lọ síbì kankan.

Àwọn èèyàn padà sílé wọn, bàbá náà padà sínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n koóko ga, wọn ò rí bàbá látojú omi mọ́. Torí náà, bí obìnrin apẹja bá ń kọjá, á ké sókè pé, "Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Bàbá á dáhùn pé, "Mo wà o." Lọ́jọ́ míì, ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó máa bá èèyàn sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mo pa àkàwé yìí fún. Ìyàwó àbúrò yín ń sọ̀rọ̀ jù, ẹ fà á tu. Ọ̀rẹ́ yín sọ òótọ́ sí yín lójú, òun náà, ẹ fà á tu. Ilé yín mọ́ tónítóní lónìí, kò sẹ́ni tó ń dà yín láàmú. Ẹ̀rù yín ń bà mí, torí òjò ti ṣú. Ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ya. Ẹ dìde báyìí, ẹ lọ sílé ẹni tẹ́ ẹ lé. Tó bá ní kẹ́ ẹ tún ọ̀rọ̀ yín sọ, ẹ tún un sọ.