Ọmọlanke Ọ̀kẹ́tẹ́ àti Àwọn Alákàn Tó Fà Á

Àlọ́ o!

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò kọjá ààtàn, ó fò kọjá odò, kò balẹ̀ àfi orí Ọ̀kẹ́tẹ́ oníwọra.

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà fa aṣọ bo ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí kò dára.

Ní ìgbà kan rí, òjò wó ilé Àparò. Àparò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹyin rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ náà kò tíì hu ìyẹ́. Abẹ́ apá rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sùn, apá náà kò sì bò wọ́n tán. Ojú ọ̀run tún ti ń ṣú. Àparò bá bẹ àwọn ẹranko ní ọ̀wẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ru amọ̀ wá láti etí odò, kí n rí ilé mọ kí òjò mìíràn tó dé. Òtútù lè pa àwọn ọmọ yìí."

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ. Ní ìlú àwọn ẹranko, bí ẹrù tí o gbé dé ibi iṣẹ́ bá ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni àwo rẹ yóò ṣe tó.

Ọ̀kẹ́tẹ́ gbọ́ pé àsáró ẹlẹ́ja ni Àparò fẹ́ sè. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Orí ni àwọn yòókù máa fi ru amọ̀. Èmi máa kan ọmọlanke."

"Ṣé èyí tó mọ níwọ̀n ni, baálé mi?"

"Ìwọ̀n kẹ̀? Ṣé ìwọ̀n ni ebi mi?"

Ó kan ọmọlanke tó ga débi pé àkàbà ló fi ń gun inú rẹ̀. Ó wá ku ẹni tí yóò fà á.

Ó lọ bá Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n wo ọmọlanke yípo, ó ní, "Màá fà á. Ìdajì àsáró rẹ ni tèmi."

"Ẹ sinmi nílé yín, ẹ̀gbọ́n," ni Ọ̀kẹ́tẹ́ wí.

Ó lọ bá Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìyẹn ní òun kò fẹ́ púpọ̀, kí òun ṣáà rí ìsàlẹ̀ àwo lá.

"Ìsàlẹ̀ àwo ló dùn jù níbẹ̀," ni Ọ̀kẹ́tẹ́ wí, ó sì kọjá lọ.

Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn alákàn. "Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ṣé ẹ máa ń jẹ àsáró?"

"Rárá," ni àgbà alákàn dáhùn. "Ẹrẹ̀ odò ti tó wa."

Inú Ọ̀kẹ́tẹ́ dùn, ó dì mọ́ alákàn. Alákàn náà dì mọ́ ọn, ní imú. Ọ̀kẹ́tẹ́ fara dà á. Ó ti béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Kò béèrè bí wọ́n ṣe ń rìn.

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé, àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í ru amọ̀. Ògiri dé orúnkún Ẹfọ̀n. Ni Ọ̀kẹ́tẹ́ bá kó gbogbo amọ̀ tó kù sínú ọmọlanke, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù ú mọ́. Ó gun orí ẹrù. "Ó yá, ẹ fà á."

Àwọn alákàn fà á tagbáratagbára. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń lọ.

"Iwájú ni ilé wà," ni Ọ̀kẹ́tẹ́ wí.

"Iwájú náà là ń lọ."

"Ẹ̀gbẹ́ nìyẹn."

"Ẹ̀gbẹ́ tiyín ni iwájú tiwa, bàbá. Ẹ di ara yín mú."

Wọ́n já sínú odò, gbòlà. Amọ̀ yọ́ dànù. Ọ̀kẹ́tẹ́ wọ́ jáde, ó rí bí àkísà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ààrá sán. Àparò sáré dé. "Amọ̀ ilé mi dà?" Òjò ti ń kán.

Ẹ má sunkún, àwọn ọmọ náà kò kú. Ẹfọ̀n ló wọ odò, ó fi ìwo gbé ọmọlanke, ó sì dojú rẹ̀ dé orí ògiri kúkúrú náà. Àparò kó ọmọ wọlé. Òjò rọ̀ títí, ẹ̀kán kan kò kàn wọ́n.

Wọ́n wá ń pín àsáró. Ọ̀kẹ́tẹ́ gbé agbada ńlá sílẹ̀ ṣe àwo.

"Ẹrù rẹ ńkọ́?" ni Àparò bi í.

"Ṣebí ọmọlanke mi ló bo ilé."

"Ta ló gbé e débí?"

Gbogbo wọn wo Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n fa agbada sọ́dọ̀, ó ń jẹun lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ni Àparò. Kò lé Ọ̀kẹ́tẹ́ sínú òjò. Ó sún fún un lábẹ́ ọmọlanke. Ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ́tẹ́ dùbúlẹ̀ sí, tí inú rẹ̀ ń kùn, tí àwọn ọmọ àparò rò pé ààrá ni, tí wọ́n ń wọ abẹ́ apá ìyá wọn lọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó ń yan ohun tí yóò fa ẹrù, kí ó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ohun náà ń tọ̀. Ẹni tí wọ́n sì bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀, kí ó ro ọmọ tí òjò fẹ́ pa, kí ó tó ro àwo. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ìkòkò mi má hó lọ́la.