Ìyìn Tó Sú Olóyè Ọ̀jẹ̀lábí

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ráfátù fi ojú Olóyè Ọ̀jẹ̀lábí rí. Ráfátù ló ń ṣàyẹ̀wò fíìmù tuntun lórí rédíò tí Olóyè dá sílẹ̀, kì í sì í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí Olóyè wá ṣe fíìmù tirẹ̀, ó pe Ráfátù, ó ní, "Ìyìn nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ lónìí. Bó o bá bú u pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn." Ráfátù ní, "Kò burú, bàbá." Ó jókòó sídìí gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin òkú inú fíìmù Olóyè. Inú pósí ló wà tí ẹ̀fọn bà lé e létí, ó gbọ́wọ́ sókè, ó pa ẹ̀fọn, ó sì tún padà kú. Òkú tó mọṣẹ́ nìyẹn. Ẹ bá mi yin Olóyè náà. Bàbá àádọ́rin ọdún ló ń ṣe ọmọ yunifásítì nínú fíìmù náà, ọmọge tó ń ṣe ìyá rẹ̀ ò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí i. Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀?" Kò pẹ́ tí Olóyè fi pe fóònù wọlé, gbogbo ìlú sì ń gbọ́. "Ráfátù, ò ń bú mi." "Bàbá, èwo ni irọ́ nínú ẹ̀? Ìyìn lẹ ní kí n yìn, ó ṣì kù." "Mi ò fẹ́ mọ́. Má yìn ín mọ́, mo ní." "Ṣé ó dá yín lójú, bàbá?" "Má yìn ín mọ́." Ráfátù fa gbohùngbohùn mọ́ra. "Ẹ̀yin ará, gbogbo wa la jọ gbọ́, Olóyè ní kí n má yìn ín mọ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ bí fíìmù náà ṣe rí gan-an."