Ìdí Tí Inú Ṣọ́bìrì Ọwọ́ Fi Jìn

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ń sọ̀rọ̀ tí igi sì ń dá a lóhùn, ṣọ́bìrì ọwọ́ kò rí báyìí. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: ohun èlò kékeré tí a fi ń tú ọmọ ata níbi tó ti hù, kí a tó gbé e lọ gbìn sí oko. Láyé ìgbà náà, inú rẹ̀ kò jìn rárá. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ahọ́n ajá. Pẹlẹbẹ ni wọ́n ń pè é.

Irin tó ṣẹ́ kù lára Ọkọ́ ni alágbẹ̀dẹ fi rọ ọ́, Ọkọ́ kò sì jẹ́ kó gbàgbé.

"Èmi ni Ilẹ̀ fi ń yẹrí," Ọkọ́ á wí. "Kí ni wọ́n ń fi ìwọ ṣe? Bóyá kí wọ́n fi ọ́ ha ìdí ìkòkò."

Ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró ni Pẹlẹbẹ ń gbé, opó kan tó ń dáko ata ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá òkè.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Ata gbẹ lóko, ó gbẹ lẹ́yìnkùlé, ó gbẹ lórí àkìtàn. Àwọn èèyàn ń lá ọbẹ̀ bí ẹni ń mu omi ìfọwọ́. Àwọn àgbà ní ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni, ìlú náà sì di yẹpẹrẹ lóòótọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú kì í lè bínú tán. Ẹni tó bá dìde láti jó á tún padà jókòó.

Ata gbígbẹ kan ṣoṣo ló kù láyé, ó há sí àjà ilé ìdáná Àwẹ̀ró. Nígbà tí òjò padà dé, Àwẹ̀ró fọ́n èso rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ọmọ ata méje hù. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mọ́ra, ibẹ̀ kò gbà wọ́n. Bí wọn kò bá lọ sí oko, wọn yóò kú síbẹ̀.

Gbogbo ìlú ló jáde. Wọ́n ní ìyàwó ni ọmọ ata tó ń lọ sí oko, nítorí ó ń kúrò nílé tí wọ́n bí i sí. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí ìyàwó wọ ilé ọkọ láì fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Pẹlẹbẹ tú ọmọ ata àkọ́kọ́ jẹ́jẹ́. Àwẹ̀ró gbọn erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀, ó fi omi tútù fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun báláú. Àwọn obìnrin kọrin ìyàwó. Ọkọ́ ti gbẹ́ ihò sílẹ̀, wọ́n sì gbìn ín.

Kó tó di ọjọ́rọ̀, ó ti kú.

Wọ́n ní omi náà ni kò mọ́ tó, wọ́n lọ pọn omi ìsun. Èkejì kú. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni wọn kò fọ̀ dáadáa, wọ́n fi kànrìnkànrìn fọ ti ìkẹta. Ìyẹn ò tilẹ̀ dé oko. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ọmọ ata kan péré ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó tì í, ó ń sunkún.

"Bí èyí bá lọ, ata tán láyé nìyẹn," ló ń wí. "Ọwọ́ mi yìí náà ló sì pa á."

Pẹlẹbẹ gbọ́, ó dùn ún wọra. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, ó lọ sí àárín oko, ó dojú bolẹ̀.

"Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí," ó ní, "kí la ṣe yín tí ẹ kò gba àwọn ọmọ wa?"

Ẹyẹ dákẹ́. Afẹ́fẹ́ dúró. Eruku ojú ọ̀nà pàápàá kò mira. Ohùn kan jáde lábẹ́ Pẹlẹbẹ. Ohùn náà rọra, síbẹ̀ gbogbo òkè gbọ́ ọ.

"Ọmọ yín kẹ̀? Ọmọ mi ni. Kí ló dé tí ẹ fi ń bọ́ ọ síhòòhò?"

"Ìyá, ẹsẹ̀ ìyàwó la ń fọ̀. Ìdọ̀tí la ń fọ̀ kúrò."

"Ìdọ̀tí?" ni Ilẹ̀ wí. "Èmi tí mo gbé igbó, tí mo gbé odò, tí mo gbé òkè, tí gbogbo àwọn baba yín ń sùn nínú mi. Ta ló sọ fún ọ pé ìdọ̀tí ni mí?"

Pẹlẹbẹ tọrọ àforíjì.

"Ìyàwó wo ló ń lọ sílé ọkọ lọ́wọ́ òfo? Ẹ jẹ́ kó gbé ẹrù ilé rẹ̀ dání. Erùpẹ̀ tí wọ́n bí i sí ni ẹrù rẹ̀."

Pẹlẹbẹ ki orí bọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gbé erùpẹ̀ díẹ̀ wò. Ó dà nù lápá ọ̀tún. Ó tún gbé òmíràn, ó dà nù lápá òsì.

"Ìyá, mi ò ní inú tí mo lè fi gbé e."

"Mo lè fún ọ ní inú," ni Ilẹ̀ wí. "Àmọ́ gbọ́ o. O kò ní tóbi ju báyìí lọ láé. Wọn ò ní fi ọ́ roko, wọn ò ní fi ọ́ kọ ebè. Ẹni tó bá sì fẹ́ lò ọ́ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún mi."

Pẹlẹbẹ rántí Ọkọ́, tí yóò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. Ó tún rántí omijé Àwẹ̀ró.

"Mo gbà, Ìyá."

Ilẹ̀ là, ó sì gbé e mì. Inú ibẹ̀ gbóná. Pẹlẹbẹ rí ohun tí irin kankan kò rí rí: gbòǹgbò gbogbo ohun tó ń hù láyé, ti ìrókò àti ti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú nínú òkùnkùn, omi sì ń gba inú wọn gòkè lọ. Ó fẹ́ ké, kò rí ẹnu. Nǹkan kan bí àtàǹpàkò ńlá tẹ̀ ẹ́ láàárín. Nígbà tí Ilẹ̀ fi máa bì í jáde, inú rẹ̀ ti jìn, ó dà bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fẹ́ bu omi mu.

Ó sáré lọ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Àwẹ̀ró, títí kan ìbéèrè tí Ilẹ̀ bi í. Àwẹ̀ró ròyìn fún ìlú. Nígbà tí ọba gbọ́, ó ní nígbà tó jẹ́ ata kan ṣoṣo ló kù láyé, ọwọ́ òun ni yóò gbìn ín.

Ọba tí kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí ni o! Ó dúró, ó tẹ̀ díẹ̀, ó na Pẹlẹbẹ sílẹ̀. Kò kan ilẹ̀. Ó tún tẹ̀ sí i, adé fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Kábíyèsí," Àwẹ̀ró wí, "ẹ dákun, kì í ṣe èmi lẹ máa kúnlẹ̀ fún."

Ọba wò ó. Ó wo ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di adé mú, ó sì kúnlẹ̀. Gbogbo ìlú wólẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ki Pẹlẹbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ata, ó gbé e tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀, ẹyọ kan kò dà nù. Wọ́n dé oko, ọba tún kúnlẹ̀, ó gbé e sínú ihò. Kò sẹ́ni tó fọ ẹsẹ̀ ọmọ ata náà.

Nígbà tí oòrùn mú, ewé ata náà rọ. Ọkọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa ẹnu mọ́. Nígbà tó di ọjọ́rọ̀, ewé kan gbé orí sókè, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ọmọ ata náà fi dúró ṣánṣán. Kò sẹ́ni tó rántí kọrin. Wọ́n kàn ń wò ó ni.

Ìránṣẹ́ kan gbé omi wá láti fọ erùpẹ̀ kúrò ní orúnkún ọba.

"Fi sílẹ̀," ni ọba wí. "Ta ló sọ fún ọ pé ìdọ̀tí ni?"

Láti ọjọ́ náà ni inú ṣọ́bìrì ọwọ́ ti jìn, tí ọmọ irúgbìn tó ń ṣí lọ sí oko sì ń gbé erùpẹ̀ ilé rẹ̀ dání. Gbogbo ata tí ẹ ń jẹ, ọmọ ọmọ ata ẹyọ kan yẹn ni. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ mú ṣọ́bìrì ọwọ́ lọ́la, kí ẹ dúró gangan, kí ẹ fi gbin nǹkan. Ẹ ó kúnlẹ̀.